Mọ́kàndínlógún Nínú Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ńkọ́, àtàwọn tí ẹ kò jọ gbélé tí wọ́n ṣì ń wá yá ìkòkò rẹ láìdá a padà? Ọlọ́run tó mú igi dúró nínú ìjì láìkan ìṣó kankan mọ́ ọn, òun náà ni yóò mú ọ dúró ní ìlú ńlá yẹn. Ọwọ́ tí o fi ń ta oògùn fáwọn aláìsàn kò ní di ọwọ́ tí wọ́n ń ta oògùn fún. Àwa ńlé dáadáa, kò sí ẹni tí nǹkan ṣe, àfi àga oníbàárà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ìyẹn kì í sì í ṣe àìsàn, èmi ni mo ṣì í wọ̀n.

Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí o mọ̀ pé nọ́ńbà ni mo mọ̀, n kò mọ lẹ́tà. Bí o bá gbé rúlà fún mi, mo délé nìyẹn, ṣùgbọ́n bí o bá gbé ìwé fún mi, mo di àlejò. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó kọ ohun tí mo bá sọ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má yọ níbẹ̀, kó má fi kún un, bí a bá sì parí, kó kà á sí mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀ ká tó lẹ̀ ẹ́ pa.

(Ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìyí. Ohun tí ẹ bá rí nínú àkámọ́ báyìí, tèmi ni, kì í ṣe ti Bàbá. Wọ́n rò pé ọwọ́ mi ló lọ́ra, wọn ò mọ̀ pé lẹ́tà méjì ni mò ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tí mo máa ń da gbogbo ọ̀rọ̀ inú mi sí ti kún láti ọjọ́ Ajé, n kò sì lè ní kí wọ́n ra òmíràn, torí wọ́n á bi mí pé kí ni mò ń kọ sínú ẹ̀. Ẹ̀yin ni ìwé mi lónìí. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ inú mi ò dáa.)

Ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n a kì í ti orí òrùlé bẹ̀rẹ̀ ilé, jẹ́ kí n ti ìpìlẹ̀ bọ̀ ọ́. O rántí ìgò méjì tí o fi ránṣẹ́, fítámì A tí o ní ó dára fún awọ, torí irorẹ́ tó bo ojú àbúrò rẹ bí yanrìn tí òjò pa. O ní kó máa lo ẹyọ kan lóòjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Àkọ́bí, ìwọ tí a bí sílé káfíńtà, tí o ti ń rákòrò lórí èérún pákó kí o tó mọ ẹní, ta ló kọ́ ọ pé ẹ̀ẹ̀kan là ń kun nǹkan? Tí o bá fi fáníìṣì kun igi lẹ́ẹ̀kan, igi á mu ún. Lẹ́ẹ̀kejì, igi á rò ó wò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló máa ń dán. Ẹni tó kun tábìlì lẹ́ẹ̀kan tó sì gbowó, olè ni. Mo ní kò burú, iṣẹ́ kánjúkánjú làwọn ará ìlú ńlá mọ̀, èmi á ṣe é bó ṣe yẹ. Mo fún un ní mẹ́ta lóòjọ́: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Mo sì fi àyè sáàárín wọn dáadáa, kí ìkejì má lọ gun ìkíní lórí nígbà tí kò tíì gbẹ.

Ìyá rẹ tó jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ní ọmọ kì í ṣe àga. Mo ní ta ló ní ọmọ ni àga, awọ ni awọ ń jẹ́. Ó ní ó dáa, tí n bá kun ún tán, kí n má gbàgbé láti lẹ iye owó mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹnu ìyá rẹ yẹn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mú tó o.

Lọ́sẹ̀ kejì, ojú náà kò tíì dán. Ètè rẹ̀ ń bó bí ọ̀dà ara ilẹ̀kùn àtijọ́, awọ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó ń yún un. Inú mi dùn, torí ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ bó kí tuntun tó mú. Ohun tó wá jẹ́rìí sí i fún mi ni fóònù. Onídìrí kan tí mo ń bá ṣe bẹ́ẹ̀dì mú fóònù tuntun wá, ó fi ya àbúrò rẹ ní fọ́tò. Mo wò ó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Irorẹ́ kankan kò sí níbẹ̀! Ojú náà ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Mo ní kó tún un yà, bákan náà ni. Mo ní kó ya èmi náà, mo di ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àpá tí ayùn dá sí mi ní iwájú orí kò sí mọ́. Onídìrí náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní fóònù náà ló ń tún ojú èèyàn ṣe. Mo ní ìyẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀, irinṣẹ́ kì í ṣiṣẹ́ tí a kò gbé fún un. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé fóònù tuntun lójú ju tiwa lọ, ó ti rí abẹ́ awọ, níbi tí oògùn ti ń ti ìsàlẹ̀ ṣiṣẹ́ bọ̀ wá sókè. Fọ́tò ti débẹ̀ ná, awọ ló ń bọ̀ lẹ́yìn.

(Mo rí fọ́tò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kórìíra ọmọbìnrin inú ẹ̀ ju bí mo ṣe kórìíra ara mi lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Nígbà tí onídìrí yẹn lọ, mo yí dígí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi kọjú sí ògiri. Màmá wọlé, wọ́n bi mí pé kí ni dígí ṣe fún mi. Mo fa aṣọ bo orí. Láti ọjọ́ yẹn, Olójú-Òjò ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ní bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó sá aṣọ síta tètè lọ kó o.)

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni eku. Èmi èèyàn nọ́ńbà ni mí, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ mi jẹ níbẹ̀. Ìgò méjì, ọgọ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgọ́fà lápapọ̀. Mẹ́ta lóòjọ́, ogójì ọjọ́ ló yẹ kó bá wa dé. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún mo mi ìgò, kò dún. Mo ṣí i, kò sí nǹkan. Méjìdínláàádọ́ta ti sọnù! Mo dẹ pàkúté sí ìdí ìgò náà, mo sì lọ sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹni tó bá rí eku tí ara rẹ̀ ń dán ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kó bá mi mú un, òun ni.

(Èmi ni eku náà.

Lálaalẹ́, tí Bàbá bá ti fún mi ní ìkẹta, tí wọ́n bá ti ń húnrun, mo máa ń dìde lọ mú méjì kún un. Mo ní bí ẹyọ kan bá dáa, tí mẹ́ta sì dáa jù ú lọ, márùn-ún á yára. Mo fẹ́ kí ojú mi dá kí wọ́n tó wọlé sáà tuntun. Ní kíláàsì, Sáńdípépà ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní ọmọ káfíńtà gbé irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ wá sójú. Bàbá gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, inú wọn dùn, wọ́n ní iṣẹ́ ilé wa ti lókìkí dé ilé-ìwé. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lọ sílé-ìwé mọ́, mo ní ibà ń ṣe mí, wọ́n sì gbà á gbọ́ nílé. Mi ò ní ibà kankan.

Bébà kan wà nínú páálí oògùn yẹn tí wọ́n ká mọ́ra bí ìwé ìfẹ́, lẹ́tà ara ẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí. Ọjọ́ tí ìgò gbẹ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó kà á pẹ̀lú ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ó ní kéèyàn má kọjá iye tí wọ́n sọ fún un. Mo rí orí fífọ́ níbẹ̀. Mo rí ètè gbígbẹ. Mo rí irun jíjá, mo fọwọ́ kan ìrọ̀rí mi, mo rí i níbẹ̀ náà.)

Nígbà tí oògùn tán, àbúrò rẹ dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kò jáde. Ó ní orí ń fọ́ òun, òun kò fẹ́ rí ènìyàn kankan, mo gbọ́ tó ń sunkún mọ́ ògiri. Mo ní àárò oògùn ló ń sọ ọ́. Mo mú un lọ sílé ìwòsàn, èrò mi ni pé kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i ká fi kíkùn kẹrin lé e. Nọ́ọ̀sì yẹn, obìnrin kúkurú kan tó fi bírò gún irun, wo ètè ọmọ náà, ó wo ojú rẹ̀ pẹ́ títí, ó mú un wọnú yàrá, ó sì gbé fọ́ọ̀mù ìdánwò kan fún un. Ìbéèrè mẹ́sàn-án, máàkì mẹ́ta mẹ́ta. Èmi jókòó síta lórí bẹ́ńṣì kan tó ń mì, mo ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó dúró, àwọn tí a jọ jókòó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló ń ṣàìsàn, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n gbé ìdánwò fún nínú wọn. Ọmọ tèmi nìkan ni wọ́n yàn.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì jáde, ó mú ìwé náà dání. Mo na ọrùn bí ògòǹgò. Àkọ́bí, mọ́kàndínlógún nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ọmọ tó gba mẹ́rin nínú ogún níbi ìṣirò! Mo dìde, mo di nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mú, mo bi í pé ẹni tó tẹ̀ lé e gba mélòó. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí iye tó tó báyìí lọ́wọ́ ọmọ tó kéré báyìí. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Ó wò mí. Omi lé ròrò lójú rẹ̀, mo mọ̀ pé ayọ̀ ni, àwọn kan wà tí ayọ̀ máa ń pa lẹ́kún. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n kígbe pè é láti inú lọ́hùn-ún pé obìnrin kan ń rọbí, ló bá ti ìwé náà sí mi lọ́wọ́, ó sáré. Ohun tó sọ bó ṣe ń sáré ni pé ká padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ká má ṣàì wá, ká sì mú ìgò oògùn náà dání. Ṣé o rí i? Ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà ń lò. Àfàìmọ̀ kó máà ní ọmọ tí orí rẹ̀ kú.

Mo yẹ máàkì náà wò lójú ọ̀nà. Mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, méjì, méjì, méjì, gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tí mo dé ìkẹyìn tí mo bá òdo. Òdo! Mo bá a wí o. Mo ní báwo lèèyàn ṣe máa rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé kó tó wá jókòó sílẹ̀. Mo ní lọ́jọ́bọ̀, kó fi mẹ́ta síbẹ̀ kó le. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ yìí.

(Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ìdánwò. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn èèyàn ṣe wúwo tó ni. Ó ń bi mí pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé nǹkan kan ń wù mí ṣe, ṣé mo ń sùn, ṣé mo ń rí ara mi bí ẹni tí kò wúlò. Òdo ni rárá. Mẹ́ta ni fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń burú sí i. Ìkẹyìn bi mí bóyá mo máa ń rò ó pé ó sàn kí n má sí. Òdo ni mo kọ. Òótọ́ ni, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ìyẹn nìkan ni mo yege, òun gan-an sì ni Bàbá bá mi wí lé lórí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí, mi ò sì mọ ìgbà tó di ẹkún.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé mélòó ni mò ń lò lóòjọ́. Mo ní ẹyọ kan. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bú Bàbá, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni eku. Ó ní bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ oògùn náà ló fà á. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gbẹ ara, ó lè fa orí fífọ́, àwọn kan tiẹ̀ ní ó lè ti ọkàn wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Ó ní irorẹ́ nìkan náà tó láti ba inú ọmọ jẹ́ láìlo nǹkan kan. Ó ní kí n má tíì lo òmíràn, kí n má sì fi nǹkan pamọ́ fún òun lọ́jọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn kankan ránṣẹ́. Tí wọ́n bá gbé e fún mi, màá gbé e mì.)

Ohun tí mo wá fẹ́ kí o ṣe fún mi kò pọ̀. Mo ti ṣe férémù fún èsì ìdánwò náà, pẹ̀lú igi líle tó ṣẹ́kù nígbà tí mo ń ṣe kọ́ńbọ́ọ̀dù àwọn olùkọ́, mo fi fáníìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pálọ̀ ni yóò wà, lókè fọ́tò ìgbéyàwó wa, ìyá rẹ ní kí n má dán an wò, ṣùgbọ́n yóò gbà. Dígí ló kù, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, fi ìgò mẹ́rin ránṣẹ́, méjì fún àbúrò rẹ, méjì fún èmi alára. Bí mẹ́ta lóòjọ́ bá lè gbé ọmọ láti mẹ́rin dé mọ́kàndínlógún, èmi tí n kò lè dá lẹ́tà A mọ̀ yàtọ̀ sí àkàbà lè di akọ̀wé kí ọdún tó parí.

Ó tó. Kà á sí mi létí.

(Wọ́n ti gbé àga wọn sún mọ́ mi, pẹ́ńsù wà lẹ́yìn etí wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo lè fo gbogbo àkámọ́, wọn ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó sì ti rẹ̀ mí kí n máa jẹ́ eku.)

(Mo ti kà á tán. Gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibi eku, máṣíìnì Màmá dákẹ́. Nígbà tí mo dé ibi òdo, Bàbá mú pẹ́ńsù kúrò lẹ́yìn etí, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un. Nígbà tí mo parí, wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá wá jókòó tì mí. Wọn ò pè mí ní Olójú-Òjò. Wọ́n ní àwọn rò pé ojú nìkan ló ṣú ni, àwọn ò mọ̀ pé ó ti ń rọ̀ nínú. Wọ́n ń fi ọwọ́ tí irin tí wọ́n fi ń dé ìka ránṣọ ṣì wà níbẹ̀ pa mí lórí, ó ń dùn mí díẹ̀, mi ò sọ fún wọn.

Bàbá padà wá pẹ̀lú ìwé yẹn, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú férémù. Wọ́n fi ìka lé nọ́ńbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n sọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo sọ ọ́. Wọ́n bọ́ sórí ìkejì. Báyìí la ṣe ń bọ̀ títí dé ìkẹyìn. Wọ́n bi mí pé ṣé òdo ni lóòótọ́. Mo ní òdo ni. Wọ́n tún bi mí. Mo ní Bàbá, òdo ni. Wọ́n ní, “O ṣeun.” Wọ́n fọn ikun, wọ́n ní èérún pákó ló wọ àwọn nímú, wọ́n ní kí n mú bírò.)

Àkọ́bí, má fi ìgò kankan ránṣẹ́. Ìwọ lo sọ ẹyọ kan, èmi ni mo gbọ́ mẹ́ta. Fáníìṣì tó bá pọ̀ jù kì í dán, ńṣe ló máa ń ṣàn, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, kò sì ní gbẹ láéláé. A kì í kun òmíràn lé e lórí. Ńṣe la máa ń gbé e sójú afẹ́fẹ́, ká jókòó tì í, ká ní sùúrù. Ogún ọdún ni mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nínú ilé mi, àfi ìyá rẹ, ta ló sì ń gbọ́ ti ìyá rẹ.

Lọ́jọ́bọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là ń lọ. Ìgò méjèèjì ti wà nínú àpò irinṣẹ́ mi. Èmi ni n ó kọ́kọ́ la ẹnu, n ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé mẹ́ta ni mo fún un, òun náà á sọ méjì tirẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bú ẹnikẹ́ni, mo ti tún bẹ́ńṣì wọn ṣe, wọ́n á fi ìyẹn rò ó mọ́ mi lára. Mo ti tú pàkúté. Ohun kan ṣoṣo tó mú láti ọjọ́ tí mo ti dẹ ẹ́ ni ìka ẹsẹ̀ ìyá rẹ.

Owó dígí, fi í ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀. Bó bá sì ṣeé ṣe, mú un wá fúnra rẹ, kí o wá lo ọjọ́ méjì pẹ̀lú àbúrò rẹ. Mo ti gbé férémù kọ́, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìyá rẹ bi mí pé ta ló ń gbé férémù òfìfo kọ́ sí pálọ̀. Mo ní èsì là ń dúró dè. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù yẹn fún un tó bá gba òdo láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹn ló ń wọ ibẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ń bímọ, n kò gba irú àdúrà báyìí rí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ mi gba òdo. Kó gba òdo níbi ìkíní, kó gba òdo níbi ìkejì, kó má sí ìbéèrè kankan tí yóò mú mẹ́ta níbẹ̀ mọ́. Èyí tó ti gba òdo tẹ́lẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má yẹ̀ lórí rẹ̀ láé. Ìwọ náà níbi tí o wà, òdo. Sọ àmín sí i, kó le.

Èmi ni, bàbá rẹ.

(Mo ti ní àmín níhìn-ín. Wọ́n bi mí pé ibo ni mo kọ ọ́ sí. Mo ní inú àkámọ́. Wọ́n ní kí n mú un jáde.)

Àmín.